Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Oúnjẹ Alága

Ní ọdún tí mo fẹ́ lọ sílé ọkọ, kì í ṣe aṣọ ló ń lé oorun lójú mi, kì í sì í ṣe ilé tí a ó máa gbé. Awọ ara ajá ni. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ ò jẹ̀bi. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń jí láàárọ̀ tó sì ń béèrè, kó tó fọ ẹnu, bóyá ajá kan ní òdìkejì ìlú họ ara mọ́jú.

Inú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹranko ni mo ti pàdé ọkọ mi. Ìyá mi ló ní kí n bá òun ra oúnjẹ ológbò òun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́, ó ti rẹ̀ mí, mo sì fẹ́ ṣe kíá kí n lọ sùn. Ọkùnrin kan ló kúnlẹ̀ dí mi lọ́nà níwájú àwọn àpò oúnjẹ ajá, ó di dígí kékeré kan mú sójú, irú èyí tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó sì ń ka ẹ̀yìn àpò kan bí ẹni tó ń ka ìwé ìdájọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọjá," ni mo wí.

Kò gbójú sókè. "Ẹ wá wo nǹkan," ló wí. "Wọ́n kọ ẹja gàdàgbà síwájú àpò. Wọ́n tiẹ̀ ya ẹja síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ni wọ́n wá kọ òótọ́ sí, lẹ́tà tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe. Mo mọ ohun tó ń mú èèyàn lo lẹ́tà kékeré."

"Kí ló ṣáájú nínú ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn?"

"Adìẹ. Lẹ́yìn ẹ̀ ni àgbàdo, lẹ́yìn ẹ̀ ni ẹyin gbígbẹ. Ẹja ṣe ìkẹfà."

"Ẹ dá a padà nígbà náà. Ohun tó bá pọ̀ jù níbẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ ti kéèkì."

Ìgbà yẹn ló tó wò mí. "Ẹ̀ ń ṣe kéèkì?"

"Ká sòótọ́, ẹyin ni mò ń fọ́. Ọ̀ọ́dúnrún ẹyin láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀gá mi ló ń ṣe kéèkì."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Ó ní ajá bàbá òun ni. Ara máa ń yún un títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde, kíndìnrín rẹ̀ sì ti ń ṣàárẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Bí àwọn bá ra oúnjẹ tó dára fún kíndìnrín, awọ ara á gbóná. Bí àwọn bá ra èyí tó dára fún awọ ara, kíndìnrín á kọ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, àwọn ti pààrọ̀ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. "Ìyá mi ló ni ajá náà," ló wí. "Ó ti kú. Ajá náà àti bàbá mi nìkan ló kù sínú ilé yẹn."

Mo gbàgbé oorun. Mo gbé oúnjẹ ológbò sílẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gba orin ìfẹ́ lórí fóònù. Tèmi ń ka ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ajá sí mi létí. Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, a ó pàdé nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, òun pẹ̀lú dígí rẹ̀, èmi pẹ̀lú ojú oorun. "Ọ̀rá ẹran ni wọ́n kọ, wọn ò sọ ẹran wo." Fi sílẹ̀, ó lè jẹ́ ti adìẹ. "Àgùntàn àti ìrẹsì ńkọ́?" Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù fún kíndìnrín. Òun ń pè mí ní Oníkéèkì, èmi ń pè é ní Atẹ̀wé. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù wò wá títí, ó gbé àga méjì fún wa. Ní Sátidé kẹfà ni mo ṣàkíyèsí pé kò sí àpò kan tí a kò tíì kà níbẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dìde nínú àwa méjèèjì.

"Oníkéèkì," ló wí lọ́jọ́ náà, "mo fẹ́ kí o bá mi dé ilé bàbá mi."

"Láti wo ajá?"

"Láti wo bàbá."

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́sẹ̀ kan náà, torí nǹkan kan wà tí n kò fẹ́ kó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọdún méjì sẹ́yìn, mo ti fẹ́ fẹ́ ọkùnrin kan. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣègbéyàwó ni mo rí i pé n kò lè ṣe é. Ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀ náà. Mo kọ lẹ́tà, mo tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sì sá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. N kò kábàámọ̀ pé mo lọ. Bí mo ṣe lọ ni ojú ń tì mí títí di òní.

Atẹ̀wé gbọ́ ọ tán. "O ti sọ fún mi," ló wí. "Ó tó." Ó sọ fún bàbá rẹ̀, torí kì í fi nǹkan pamọ́ fún un. Ti bàbá kò tó.

Awakọ̀ ojú irin ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Aago tó fi ń wa ọkọ̀ ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, gbogbo nǹkan nínú ilé sì ní wákàtí tirẹ̀. Aago mẹ́rin ni wọ́n ní kí n dé. Mo dé ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, tààrà láti ibi iṣẹ́, torí ọjọ́ yẹn a gba kéèkì ìgbéyàwó mẹ́rin. Súwẹ́tà mi aláwọ̀ ewé ni mo wọ̀, èyí tí mo máa ń wọ̀ sábẹ́ épírọ́ọ̀nù lójoojúmọ́, torí yàrá tí a ń kó ẹyin sí tutù bíi fíríìjì.

"Ẹ káàsán, sà."

Ó wo aago rẹ̀. "Ìwọ lo fi lẹ́tà kọ ọkọ sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ojú ewé mélòó?"

"Ẹyọ kan, sà."

"Ẹyọ kan," ló wí, bíi pé òun ló burú jù níbẹ̀. "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Mi ò fẹ́ kí lẹ́tà gba abẹ́ ilẹ̀kùn tèmi wọlé."

Atẹ̀wé fẹ́ sọ̀rọ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì, fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ajá náà ti wọlé. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni, àyà rẹ̀ fẹ̀, ikùn rẹ̀ ti pá, etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n. Ó jókòó sí àárín yàrá bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìpàdé. Mo wá mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Alága. Ó wò mí. Ó dìde, ó rìn wá tààrà, ó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọwọ́ súwẹ́tà mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó di ojú méjèèjì.

Bàbá gbé ojú kúrò lára aago rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, "láti ìgbà tí ìyàwó yín ti lọ, ṣé Alága ti bá àlejò kankan ṣe báyìí?"

Mo rí i pé ojú bàbá ti yí padà. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé Alága mọ èèyàn ju gbogbo wọn lọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì sìn mí dé ìta. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun, òun ni alárinà láti òní lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi lè bá gbogbo ayé jiyàn," ló wí. "Kò lè bá Alága jiyàn. Ìwọ ṣáà máa wá."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, gbogbo wa gbé Alága lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun mẹ́rin ni ara rẹ̀ kọ̀: adìẹ, ẹyin, mílíìkì àti àlìkámà. Oúnjẹ kan ṣoṣo ló kù tí awọ ara àti kíndìnrín lè fara mọ́ pọ̀, ẹja funfun kan àti ọ̀dùnkún, kò sí iyọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, kò gbọdọ̀ kan nǹkan mìíràn lẹ́nu.

"Kì í ṣe díẹ̀," dókítà wí. "Kì í ṣe ẹ̀rún. Ẹ̀rún kan lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́. Oògùn tí a fi ń dá ara yíyún dúró, kíndìnrín rẹ̀ ò lè gbé e mọ́. Bí oúnjẹ yìí ò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé e padà wá, ká jókòó sọ̀rọ̀ nípa bí kò ṣe ní máa jẹ̀rora."

Ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo wa. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, bẹ́ẹ̀ ni kò dọ̀tí. Nígbà tí a délé, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo máa dá ọ lóhùn lórí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn. Mi ò lè ronú nǹkan méjì pọ̀."

Bí ikùn ajá ṣe di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mi nìyẹn.

Atẹ̀wé tẹ ìwé kan sórí páálí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ìlà márùn-ún ló fà sí i: ọjọ́, ìwọ̀n oúnjẹ, omi, ara yíyún láti òdo dé mẹ́wàá, àti àlejò. Bàbá ló ń kọ ọ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ gééré. Ọjọ́rú àti ọjọ́ Àìkú ni mò ń lọ. Lábẹ́ àlejò, bàbá kì í kọ orúkọ mi. "Obìnrin yẹn" ló ń kọ. Mo rí i, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe ṣọ́ra tó. N kò mú ẹ̀rún kéèkì kan kọjá ẹnu ọ̀nà wọn. Báàgì mi, ìta ni. Bí mo bá wọlé, mo máa ká ọwọ́ súwẹ́tà sókè, mo máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì dé ìgúnpá, bàbá máa dúró tì mí bíi sójà, mo sì máa fa ọwọ́ súwẹ́tà wálẹ̀ padà. Mo gé èékánná mi kúrú. Ìgbà náà ni n óò tó jókòó, Alága á wá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, á máa lá mi lọ́wọ́ aṣọ. Ìyẹn nìkan ni ìsinmi tí mo ní láàárín ọ̀sẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti ń pè mí ní obìnrin yẹn, ẹnì kan wà tó fẹ́ràn mi láìbi mí ní ìbéèrè.

Lọ́sẹ̀ kìíní, ara yíyún wà ní mẹ́jọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ó bọ́ sí márùn-ún, ó tún fò sókè. Ó máa ń lọ sílẹ̀, á sì tún fò. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ayé. Ó ti ìkòkò ìdọ̀tí mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dá oníwèé ìròyìn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó fi àpò rẹ̀ han òun. Ó bi àbúrò rẹ̀ lójú mi bóyá ó ń fún Alága ní bísíkíìtì.

"Èmi?" Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí. "Ogójì ọdún ni mo fi fún àwọn aláìsàn lóògùn, ẹ wá ń bi mí ní ọ̀rọ̀ bísíkíìtì?"

Ó bi Atẹ̀wé náà. Ìyẹn dun Atẹ̀wé wọra, odindi ọjọ́ mẹ́rin ni òun àti bàbá rẹ̀ fi ń kí ara wọn bí àwọn ará ọ́fíìsì.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, òtútù mú mi, ọjọ́ mẹ́wàá ni n kò fi lè jáde. Atẹ̀wé ń pè mí láàárọ̀. Mẹ́rin. Mẹ́ta. Méjì. Ohùn rẹ̀ ń fúyẹ́ lójoojúmọ́. "Oúnjẹ náà ti ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Bàbá mi rẹ́rìn-ín lánàá, Oníkéèkì. Eyín rẹ̀ hàn." Orí ibùsùn ni mo wà tí mo ń sunkún ayọ̀. Ọjọ́rú tí ara mi yá, mo sáré lọ, Alága jó yí mi ká bí ọmọ ajá, ó lá mi lọ́wọ́ aṣọ títí ó fi tutù rinrin. Lọ́jọ́ kejì, méje. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́jọ, etí rẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Bàbá pe dókítà, ó gba ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ keje, kí a lọ sọ ọ̀rọ̀ tí dókítà ní ká jókòó sọ, kò sì bi wá bóyá ó yẹ.

"Ilé wo lo fẹ́ lọ yìí?" Ìyá mi béèrè lọ́jọ́ yẹn. Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ajá ló ń dá ọ lẹ́jọ́, bàbá àgbàlagbà ń wo aago sí ọ lórí. Ṣé ọkùnrin tán ni?"

"Ọkùnrin ò tán, Màámi. Irú rẹ̀ ló tán."

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo rí i. Bàbá mú Alága jáde lọ rìn, Atẹ̀wé kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Èmi nìkan ló wà ní ilé ìdáná, mo dúró síwájú fíríìjì, mo sì ń ka ìwé náà bí mo ṣe ń ka àpò, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Obìnrin yẹn, lọ́jọ́ kejì, méje. Obìnrin yẹn, lọ́jọ́ kejì, mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́wàá tí àlejò fi ṣófo: mẹ́rin, mẹ́ta, méjì. Obìnrin yẹn, méje.

Mo wo ọwọ́ mi. Mo ro ti bàtà mi, ó wà níta. Ọwọ́ mi mọ́, n kò mú nǹkan wá, èwo ni tèmi níbẹ̀? Mo sọ fún Atẹ̀wé lórí fóònù pé orí ń fọ́ mi, mo sì jáde kí wọ́n tó dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ohun tó fara sin jáde. Mo dúró níwájú ike ńlá tí a ń fọ́ ẹyin sí, mò ń fọ́ ẹyin. Funfun ẹyin ṣàn sí mi lọ́rùn ọwọ́. Mo fi ọwọ́ súwẹ́tà kejì nù ún, bí mo ṣe ń nù ún láti ọdún mẹ́fà, láìronú, mo sì na ọwọ́ sí ẹyin mìíràn. Ọwọ́ náà kò dé ibẹ̀. Mo yí ọwọ́ súwẹ́tà síbi iná. Ó le gbagidi, ó ń dán. Gbogbo ìgbà tí mo fọ ọwọ́ dé ìgúnpá lójú bàbá, mo fa ẹyin gbígbẹ padà lé e ni. Ibẹ̀ ni Alága ń gbé ẹnu sí, tó ń di ojú.

Mo jókòó lórí páálí ẹyin. Ọ̀gá mi bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó gún mi lọ́kàn jù, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, kì í ṣe àìsàn ajá náà. Pé kò fẹ́ràn mi ni.

Ìyá mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Fọ súwẹ́tà, kí o sì dákẹ́," ló wí. "Ajá ò ní rojọ́."

Ó dùn létí. Bí mo bá dákẹ́, ara Alága á yá, oúnjẹ ni wọ́n á yìn. Ṣùgbọ́n Alága kò ní sáré pàdé mi mọ́, bàbá á sì ní ajá ti rí ohun tó burú lára mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi pa ajá ìyàwó rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀nà méjèèjì ló dí. Mo mú ìwé àti bírò, mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé, mo kọ ọ́: Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ lójú yín. Mo kọ dé ìlà kẹta kí n tó rí ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Ojú ewé kan. Mo fà á ya wẹ́wẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wẹ̀, mo tún wẹ̀. Mo wọ aṣọ tí kò tíì dé ibi iṣẹ́ mi rí. Mo ká súwẹ́tà náà sínú ọ̀rá, mo so ó lẹ́nu pinpin, mo sì gbé e dání. Aago mẹ́rin gééré ni mo wọlé. Bàbá wà lórí àga rẹ̀, Àǹtí Nọ́ọ̀sì jókòó nítòsí rẹ̀, Atẹ̀wé ló ṣílẹ̀kùn. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó.

Alága gbójú sókè. Ó fi imú wá mi díẹ̀. Ó gbé orí rẹ̀ padà lé ilẹ̀.

Mo rí i tí ojú Àǹtí Nọ́ọ̀sì rẹ̀wẹ̀sì. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni," ló yára wí. "Oorun ló ń kùn ún."

"Kò rẹ̀ ẹ́," bàbá wí. Ojú rẹ̀ wà lára mi. "Kí ló dé tí kò dìde?"

Ọ̀nà ìta ò jù ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ, mo kà á. "Torí kò sí ẹyin lára mi lónìí, sà."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Yàrá tútù, funfun ẹyin, ọwọ́ súwẹ́tà, ìwé ara fíríìjì. Mo tú ọ̀rá náà díẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, Alága dìde, etí rẹ̀ nà, ó ń mi ìrù bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ tí mo ti ń fi yangàn láti ọjọ́ yìí. Mo so ọ̀rá náà padà. Ó dúró sí àárín ọ̀nà, kò mọ èwo ni ṣíṣe.

"Kì í ṣe èmi ló fẹ́ràn, sà," ni mo wí. "Ẹyin ni."

Omijé ti ń bọ́ lójú mi, n kò nù ún. Atẹ̀wé dìde, bàbá ní kó jókòó.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ajá yìí fi họ ara," bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo fura sí ọmọ mi. Mo yẹ àpò oníwèé ìròyìn wò. Inú ń bí mi."

"Mo mọ̀, sà."

"O lè fọ súwẹ́tà yìí kí o dákẹ́. Ta ni ì bá mọ̀?"

"Ìyá mi nìkan, sà. Òun ló ní kí n fọ̀ ọ́ kí n dákẹ́."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ, a gbọ́ tó fa páálí ya kúrò lára fíríìjì. Atẹ̀wé di ọwọ́ mi mú. Mo ní ó ti tán, mo ti ń wá báàgì mi lọ́kàn. Nígbà tí bàbá padà, páálí tuntun tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e lé orúnkún, ó kọ ọjọ́ ọ̀la sókè rẹ̀, ó kọ ọ̀sẹ̀ kìíní. Ó ní òun á fagi lé ọjọ́ tí òun gbà lọ́dọ̀ dókítà.

"Lẹ́tà lo kọ sí ẹni àkọ́kọ́," ló wí, kò wò mí. "Èyí, o wá fúnra rẹ." Ó wo aago rẹ̀. "Ọjọ́rú, aago mẹ́rin. Fi súwẹ́tà yẹn sílé."

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́rú, aṣọ kan wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aṣọ ilé obìnrin, aláwọ̀ òféfèé, ọwọ́ rẹ̀ kúrú kò dé ìgúnpá. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Bàbá dúró tì mí bíi sójà bí ìṣe rẹ̀. "Ti ìyàwó mi ni," ló wí. "Bọ́ ti ibi iṣẹ́ kí o wọ èyí. Kò sí ọwọ́ tí wàá fà wálẹ̀." Ohùn rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ti lọ aṣọ náà, mo rí i níbi tí ó ti jó o díẹ̀ létí.

Alága kò tún sáré pàdé mi mọ́. Àárò rẹ̀ sọ mí, kí n má purọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó wá gbóòórùn apá mi tí aṣọ kò bò, ó wá ẹyin títí, kò rí. Mo rò pé ó máa padà sórí ẹní rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó sì sùn sórí ẹsẹ̀ mi. N kò mira títí ẹsẹ̀ mi fi kú.

Mẹ́fà. Mẹ́rin. Mẹ́ta. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù níkùn rẹ̀. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹjọ, dókítà tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní kíndìnrín kò sàn, ṣùgbọ́n kò burú sí i mọ́, kí a má pààrọ̀ oúnjẹ náà láéláé. Atẹ̀wé pè mí láti ẹnu ọ̀nà dókítà, kò lè sọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí bàbá wí nípa tèmi, torí bàbá kò tíì wí nǹkan kan. Àǹtí Nọ́ọ̀sì náà bi bàbá, bàbá ní kó jẹ́ kí òun gbọ́ ti aago òun.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀lé e, mo sùn níbẹ̀ nínú yàrá tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì máa ń sùn sí bó bá wá, torí òjò kò jẹ́ kí n lè padà sílé. Láàárọ̀, mo wọ aṣọ òféfèé náà, mo lọ sí ilé ìdáná. Bàbá ń wọn oúnjẹ Alága. Mo wo ara fíríìjì. Ó ti kọ ọjọ́rú. Oúnjẹ wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, ara yíyún, òdo. Lábẹ́ àlejò, kò kọ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ló fi ń kọ mí síbẹ̀, kò fo ọjọ́ kan rí. Bóyá kò tún fẹ́ rántí pé mo wá. Bóyá ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ gbàgbé láti kọ mí sílẹ̀ lánàá."

Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ fún Alága. Ó wo aago rẹ̀, aago mẹ́jọ gééré.

"Mi ò gbàgbé," ló wí. "Àlejò ni mò ń kọ síbẹ̀."